Ọ̀wẹ̀ Tí Olóko Kò Bẹ̀: Ta Ni Yóò Kọ́ Ọ̀dọ́ Òkè-Ọ̀dàn Ní Ìwà Aṣáájú?

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà àwọn irúnmọlẹ̀, mo júbà àwọn baba ńlá wa tí wọ́n tẹ Òkè-Ọ̀dàn dó, mo sì júbà àwọn ìyá wa, tí ọ̀rọ̀ òní kàn gbọ̀ngbọ̀n. 

Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ikùn mi láti ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti Èkó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n gbé wá. Ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n ta bánà mọ́ ara ògiri, wọ́n pín ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda ara àwọn láti wá kọ́ ọ̀dọ́ ìgbèríko ní ìwà aṣáájú. Mo wà níbẹ̀, nítorí ọmọ àbúrò mi wà nínú kíláàsì náà.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ta ni aṣáájú tí ẹ fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe?" Ọmọkùnrin kan dárúkọ olówó kan, òmíràn dárúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní, "Ìyáláṣẹ̀ wa ni." Àlejò náà béèrè ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Àlejò rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ ayé òde òní ni àwọn ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, kò sì nawọ́ mọ́ títí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi parí.

Ẹ̀rín yẹn ni mo ń bá jà lónìí.

N kò kórìíra ìyọ̀ǹda ara ẹni. Ta ni yóò kọ́ Yorùbá ní ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́? Kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dé ni àwọn baba wa ti ń ṣe àáró, tí wọ́n sì ti ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ní òfin. Olóko ni í bẹ̀ ẹ́, olóko ni í sì í fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn. Ẹni tí ó wá a mú ọkọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, a sì ro ibi tí wọ́n bá ní kí ó ro. Ní ti àáró, bí o bá bá mi ro tèmi lónìí, mo di ẹni tí yóò bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí à ń ṣàánú. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀, tí ó já wọ oko olóko, tí ó hú ewébẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko, tí ó ya àwòrán ara rẹ̀ tán, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, irú orúkọ wo ni a óò fún iṣẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́ díẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1999 ni Junior Achievement ti ń mú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọ inú kíláàsì láti kọ́ ọmọ nípa òwò àti owó. LEAP Africa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ìwà aṣáájú ọ̀dọ́ sì ni ó gbájú mọ́. N kò bá wọn jà. Èrò kan ni mo ń bá jà, èyí tí ó máa ń bá ọ̀pọ̀ àlejò wọ ìgbèríko: pé ilẹ̀ òfìfo ni àwọn ń wọ̀, pé kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwà aṣáájú níbẹ̀ kí bọ́ọ̀sì àwọn tó dé.

Òfìfo kọ́. Jákèjádò ilẹ̀ Yewa, títí wọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń kọ́ ọmọ. UNESCO fúnra rẹ̀ kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 pé ohun-ìní gbogbo ẹ̀dá ni. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ náà ti rí. Ọkùnrin ni í gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí, ṣùgbọ́n Ìyáláṣẹ̀ ni í ṣe olórí. Ọkùnrin tí ó ń jó lójú agbo mọ̀ pé abẹ́ àṣẹ ìyá ni òun wà. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ í jáde, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jó lọ́jà. Ẹ̀fẹ̀ a fi orin bú olè, a fi bú aṣebi, a sì fi bá ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú wí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti tẹ̀ lé àgbà fún ìgbà pípẹ́. Ó ti mọ ìjúbà, ó ti mọ ìtàn ìlú, ó mọ ohun tí ẹnu lè sọ àti èyí tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Bí ó bá purọ́ mọ́ ènìyàn, agbo ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Kí ènìyàn sọ òtítọ́ fún alágbára lójú gbogbo ìlú, kí ó sì jíhìn ohun tí ó sọ: bí ìyẹn kì í bá ṣe ìwà aṣáájú, kí ni í ṣe? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan wo ni ó ní èyí nínú?

Ìlú wa kì í sì í ṣe ìlú tí kò rí ìṣòro rí. Ní ọdún 1848 ni ogun Dàhòmì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn, ìlú náà sì wà títí di òní. Àwọn tí wọ́n tún un kó jọ kò gba ìwé-ẹ̀rí aṣáájú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ayé tiwa náà, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé-epo tí kò tó 20 kìlómítà sí ẹnu ibodè. Ọdún 2022 ni a tó tún ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ọlọ́kadà jókòó, oníṣòwò jókòó, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ya sí fàyàwọ́. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, àlejò kan kò béèrè ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ ní àfojúsùn" ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Àfojúsùn kò wọ́n ọ̀dọ́ ibodè; ọ̀nà ni ó dí mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní, "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é, ẹ dúpẹ́." Mo dúpẹ́ ìwé àti bírò. Ṣùgbọ́n òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 pàápàá ní kí ilé-iṣẹ́ tí yóò wa ilẹ̀ kọ́kọ́ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn. Bí a bá gbọdọ̀ bá ìlú sọ̀rọ̀ kí a tó wa òkúta rẹ̀, ṣé a wá lè wa ọkàn ọmọ rẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ilé wàyí. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àlejò kan ni ó rẹ́rìn-ín; àwọn ọmọ tiwa ni ó gbè é. Ta ni ó kọ́ wọn? Àwa tí a há ìmọ̀ mọ́ àyà títí a fi ń gbé e wọ sàréè ni. Àwa tí a ń pe ọmọ wá lu ìlù lọ́jọ́ ọdún, tí a kì í sọ ìdí ìlù fún un ni. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ọdún 2023, a jó, a yọ̀. Mélòó nínú wa ni ó fi ọjọ́ náà jókòó ti ọ̀dọ́ mẹ́wàá?

Èmi náà jẹ̀bi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà nínú kíláàsì yẹn, mo sì dákẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo lọ sí ilé ọmọ náà, tí mo sọ fún un lójú ìyá rẹ̀ pé èsì rẹ̀ ni ó dára jù. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?" N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí mo ń kọ yìí ni èsì mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wá, ẹ máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá bí ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ ààfin, ẹ bi àwọn àgbà, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ kọ́ wa ní èyí tí a kò mọ̀: kọ̀ǹpútà, ìṣirò òwò, bí a ti í kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìyáláṣẹ̀, onílù àti agbẹ́gilére jókòó bí olùkọ́ ẹgbẹ́ yín, kí èdè Yorùbá sì jẹ́ èdè kíláàsì. Ẹ sì padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, láti wo ohun tí ẹ gbìn.

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe, ẹ má dúró de bọ́ọ̀sì Èkó. Ẹ ṣílẹ̀kùn agbolé. Kí olúkúlùkù àgbà mú ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ó kọ́ wọn ní ohun tí ó mọ̀ kí ọdún tó yí po. Nígbà tí àlejò bá tún béèrè ìbéèrè yẹn, kí ó jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ni yóò mọ ẹni tí Ìyáláṣẹ̀ í ṣe.

Àwọn ìyá wa kò ní bínú sí wa. Ìlú wa kò ní tú. Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.