Alájẹṣẹ́kù Kì Í Jẹ Irúgbìn Tán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside, ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan dá a lábàá pé kí gbogbo wa pa àgbàdo ìbílẹ̀ tì, kí a jọ máa gbin irúgbìn tuntun kan ṣoṣo. Àbá náà dùn létí, ṣùgbọ́n èmi akọ̀wé yín kò fara mọ́ ọn.

Àrùn kan wà tí í mú ewé àgbàdo dípáàrà bí irin tí òjò pa. Bí ẹ bá fọwọ́ ra ewé náà, ẹ óò rí ìyẹ̀fun pupa lọ́wọ́ yín. Atẹ́gùn ní í gbé e láti oko dé oko. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá bá wa ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú, ṣùgbọ́n àrùn yìí kò bá a wá. Ọdún 1949 ni wọ́n tó rí i ní Sierra Leone. Kò pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà. Àgbàdo wa kò bá a jà rí. Oko bàjẹ́, àgbàdo di ọ̀wọ́n.

Ní Moor Plantation, n'Íbàdàn, àwọn onímọ̀ kó oríṣiríṣi irúgbìn wá láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n gbìn wọ́n sí ibi tí àrùn wà, wọ́n ń wo èyí tí ewé rẹ̀ kò yí padà, wọ́n sì fi í gba àgbàdo tiwa lóyún. Agbára yẹn, inú irúgbìn ló wà. Òbí ní í fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Àwọn àgbẹ̀ náà ṣe tiwọn. Igi tí àrùn mú kò so dáadáa. Èyí tó dúró ni wọ́n mú irúgbìn lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀rù àrùn náà dínkù.

Ṣùgbọ́n àrùn a máa yí ìwà padà. Ní 1998, ní Uganda, wọ́n rí ìpáàrà kan lára àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Ó ṣẹ́gun agbára kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gbẹ́kẹ̀ lé. Bí gbogbo àdúgbò bá ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà, tí olè sì rí i rọ, ilé ta ni yóò kù?

Ẹnìkan á ní, "Akọ̀wé, ìbílẹ̀ kì í so púpọ̀." Òótọ́ ni. N kò ní kí ẹ má ra tuntun. Ẹ rà á níbi tó dájú, bíi ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbílẹ̀, kó jìnnà sí tuntun. Nígbà tí ewé àwọn yòókù bá ń pọ́n, ẹ so àkísà mọ́ èyí tó ṣì tutù. Ẹ mú irúgbìn lára ọ̀pọ̀ igi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àgbàdo jíjẹ fún ẹni tó ń wá irúgbìn. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀ sínú àpò kan. Bí ẹ bá tàn wá jẹ lónìí, kí lẹ ó rà lọ́wọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀?

Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pè wá: a jẹ, a sì ṣẹ́kù. Kò yẹ kó jẹ́ owó nìkan la óò máa ṣẹ́kù. Ire o.

Akọ̀wé yín