Oníṣòwò Orin Lè Jẹ́ Òpìtàn Orin

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ẹni tí ó bá ti fi orin ṣòwò kò yẹ ní ẹni tí í kọ ìtàn orin. Wọ́n ní èrè ni yóò máa rò, kì í ṣe òtítọ́. Ìgbésí ayé Arnold Shaw, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Brooklyn ní 1909, fi hàn pé irọ́ gbáà ni.

Láti 1955 títí di 1966, Shaw jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ Edward B. Marks ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ẹ̀tọ́ orí orin ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bójú tó. Bí wọ́n bá tẹ orin sí àwo, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò gba owó ẹ̀tọ́, tí yóò sì pín in fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

Orúkọ inú ìwé yìí gan-an ni ọ̀ràn wà. Nígbà tí “Maybellene” jáde ní 1955, wọ́n kọ orúkọ Alan Freed, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, mọ́ ti Chuck Berry, bẹ́ẹ̀ Berry ni ó ṣẹ̀dá orin náà. Ẹni tí ó ń gbọ́ àwo lásán yóò yin ohùn àti ìlù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó mọ bí wọ́n ti ń kọ ìwé àdéhùn ni yóò mọ ibi tí yóò wò.

Ǹjẹ́ Shaw kò ní gbè sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Nínú Honkers and Shouters, ìwé tí ó kọ ní 1978 lórí orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ó fi ọ̀rọ̀ wá akọrin lẹ́nu wò, ó sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn onílé-iṣẹ́ àwo lẹ́nu wò. Ní 1985 ó dá ibùdó ìwádìí orin sílẹ̀ ní Yunifásítì Nevada ní Las Vegas, ọdún mẹ́rin kí ó tó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé pẹ̀lú. Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀. Akọrin náà ni oníṣòwò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí yóò kọ àpilẹ̀kọ lórí àpàlà tàbí jùjú má ṣe dúró lórí òwe àti àfiwé nìkan. Kí ó tọ àwọn tí ó ta àwo lọ, kí ikán tó jẹ ìwé owó wọn tán.