Níbo ni Ọ̀dọ́ Ìbàdàn Yóò ti Pariwo?

Ìlú kékeré ni Fagersta ní orílẹ̀-èdè Swídìn. Iṣẹ́ irin ni a fi mọ̀ ọ́n, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì tó 15,000. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin The Hives ti jáde ní ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ń wọ aṣọ dúdú àti funfun, tí ń ta gìtá bí ẹni tí ń bá a jà. Irú rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń kọ ni àwọn Òyìnbó fi orúkọ gáréèjì pè, ibi tí à ń gbé mọ́tò sí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ tí kò lówó ti í dánra wò. Àwo wọn Veni Vidi Vicious jáde ní 2000. Ní 2001 ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba ṣa orin wọn jọ sínú àwo mìíràn, òkìkí sì kàn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀bùn ni. Ta ni yóò sọ pé ẹ̀bùn wọ́n ní Ìbàdàn? Yàrá ni Swídìn ní. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ orin lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọba ń tì lẹ́yìn sì ń pèsè ibi ìdánrawò. Ọmọ tí kò tíì mọ gìtá í ta rí ibi tí yóò ti máa ta á burúkú fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tí yóò lé e jáde.

Èyí kì í ṣe àrà Òyìnbó nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ St. Gregory's College ní Èkó ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀. (Lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà, òfégè ni kí ènìyàn yọ́ jáde láìgbàṣẹ, àwọn oníròyìn òde òní ti gbé e fún dókítà ayédèrú.) Odion Iruoje, tí ń bójú tó ìgbàsílẹ̀ orin fún EMI, kò tìtorí ọjọ́ orí wọn lé wọn padà. Ó mú wọn wọ ilé-ìgbohùnsílẹ̀, Berkley Jones, onígìtá ẹgbẹ́ BLO, ràn wọ́n lọ́wọ́, Try and Love sì jáde ní 1973. Àwo mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé e títí di 1978. Ohùn wọn kò tíì gbó nínú àwo àkọ́kọ́ yẹn, ẹwà rẹ̀ sì nìyẹn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn ará òkèèrè tún un tẹ̀ jáde.

Ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀ṣì ni gáréèjì. Láti Bódìjà dé Challenge, ibẹ̀ ni ìlù, gìtá àti dùùrù wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin wa ti kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìlù ìjọ kì í ṣe ti ọmọ tí ń lù ú: bí ó bá fẹ́ kọrin nípa ìfẹ́, nípa ìbínú, tàbí nípa baba tí kò sanwó ilé-ìwé, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá gbé gìtá lọ sí yàrá tí ó háyà ní Agbówó, onílé yóò kanlẹ̀kùn kí orin kan tó parí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí kò kórìíra ariwo. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ìṣọ́-òru ń dún, òde àríyá ń ṣe fújì mọ́jú. Ariwo tí ó ní àgbà tàbí olówó lẹ́yìn ni wọ́n ń gbà láyè.

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í ṣe nǹkan kan ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ìlù kan, gìtá méjì àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan sínú ọ̀kan ní Bódìjà, òmíràn ní Ring Road, kí olùkọ́ kan mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ó sì tì í ní aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn ará àdúgbò yóò kùn ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí orin náà kò ní dára.