Ẹ Má Kó Ọmọ Jọ Sínú Èrò
Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọ̀fẹ́ ní Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Èrò rọ́ lu ara wọn. Ọmọ 35 kú.

Àánú ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá se ẹ̀wà ìbejì, ọmọ àdúgbò là ń pè, àgbà á dúró tì wọ́n, a ó bù ú fún wọn níkọ̀ọ̀kan. (Ta ló ń polówó ẹ̀wà ìbejì lórí rédíò?) Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore fún ọmọ, kó pín in lójúlé-lójúlé.

Àwọn tó yè ńkọ́? Ọmọ tó rí ikú ẹgbẹ́ rẹ̀ nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí owó àánú kọ́kọ́ lọ.