Ẹ Má Lé Àgbà Nídìí Ráápù, Ẹ Béèrè Ìwé Àdéhùn



Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ràn ráápù, mo sì fẹ́ dá sí i, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìbéèrè náà ni pé: bí ilé-iṣẹ́ orin tó dá dúró fúnra rẹ̀, tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, bá bá olórin ráápù tó ti dàgbà tọwọ́ bọ̀wé, ṣé ọgbọ́n ni àbí ìfowóṣòfò?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York ní ọdún 2025. Mass Appeal, ilé-iṣẹ́ orin tí Nas olórin ráápù wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kéde pé òun yóò gbé àwo orin 7 jáde lọ́dún kan náà, ti àwọn àgbà nìkan. Slick Rick ló ṣáájú ní oṣù kẹfà. Raekwon tẹ̀ lé e ní oṣù keje, Ghostface Killah ní oṣù kẹjọ, Mobb Deep àti Big L ní oṣù kẹwàá, De La Soul ní oṣù kọkànlá. Nas fúnra rẹ̀ àti DJ Premier ló kádìí rẹ̀ ní oṣù kejìlá. Kò sí ọmọdé kankan nínú wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n bí Slick Rick. Àwo orin rẹ̀ tó ṣáájú èyí, ọdún 1999 ló jáde. Ọdún 26 gbáko!

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn máa ń pín sí. Apá kan á ní, "Àwọn bàbá yìí ti jayé tiwọn tán. Kí wọ́n lọ jókòó, kí wọ́n fi owó náà wá ọmọ tuntun." Apá kejì á máa jó, wọ́n á máa pariwo pé ọba ti padà sórí ìtẹ́. Ní tèmi, apá méjèèjì ló ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lé àgbà, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ kọjú sí. Ráápù kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti lé ní ọmọ ọdún 35, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa sọ fún un pé ó ti tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣe ìnáwó nílé wa, tí a fẹ́ kí wọ́n ki oríkì ìdílé, ṣé ọmọ ọdún 15 la máa ń ránṣẹ́ pè? Ìyá àgbà la máa ń wá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti di ráápù, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lórí ìlù bákan náà, ẹni tó pé 40 ọdún ti di òkú? Àwọn bàbá wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni olórin tó mọṣẹ́ máa ń rán di orin.

N kò sọ pé kí ẹ gba orin tí kò dùn nítorí pé irun ẹni tó kọ ọ́ ti funfun. Bí àgbà bá kọ orin tí kò dára, ẹ sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin náà ná. Ẹ má fi ọjọ́ orí dá ẹjọ́ tó yẹ kí ẹ fi etí dá.

Bí ẹ bá ní Amẹ́ríkà jìnnà, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ta ni kò gbọ́ orúkọ Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou? Ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òkìkí wọn kàn, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Benin sì kà wọ́n sí orin àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ orin kékeré kan ní Jámánì, Analog Africa, ló tún àwọn orin wọn àtijọ́ gbé jáde ní 2008. Ní 2009, àwọn bàbá náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lọ ṣeré ní Yúróòpù. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó dá dúró, Strut Records ti Lọ́ńdọ̀nù, gbé àwo orin wọn tuntun jáde, Cotonou Club. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, Mélomé Clément kú.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láàárín ìgbà tí àwo náà jáde àti ìgbà tí bàbá náà kú, kò pé ọdún méjì. Ká ní àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ pé "ó ti parí", bàbá náà ì bá ti lọ láìrí ọjọ́ iyì yẹn. Àgbà kò ní àkókò tí yóò fi máa dúró de àríyànjiyàn wa.

Ó ku ẹ̀yin tó ń jó. Ẹ dúró díẹ̀. Títọwọ́ bọ̀wé kì í ṣe ìgbàlà. Ẹ rántí Iyanya, tó jẹ́ akọrin, tí kì í ṣe ti ráápù. Ó gba ipò kìíní ní Project Fame ní 2008, orin rẹ̀ Kukere sì mi gbogbo ìlú tìtì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, òun tó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wọ Mavin, ilé Don Jazzy. Ariwo sọ. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi bọ́ sábẹ́ Temple Music. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ kọ́ ni iṣẹ́ parí.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa béèrè nìyí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ta ló ni ín? Ọdún mélòó ni àdéhùn náà? Owó tí wọ́n fún un ṣáájú ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé owó àsansílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn: ilé-iṣẹ́ á yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí orin bá pa kí olórin tó rí kọ́bọ̀ mìíràn. Nínú àwo 7 tí Mass Appeal gbé jáde, ohùn àwọn tó ti kú wà níbẹ̀: Prodigy ti Mobb Deep kú ní 2017, Big L kú ní 1999. Òkú kò lè tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé tó bá wà nílẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ráápù tiwa, ti èdè Yorùbá. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe ráápù kí Dagrin tó gbé C.E.O. jáde ní 2009. Dagrin kú ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Coded Tunes, ilé ID Cabasa, ni Olamide ti gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2011, kó tó dá YBNL tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2012. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ni YBNL sọ di olókìkí: Lil Kesh, Fireboy, Asake. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2019, Olamide padà lọ bá ID Cabasa, òun àti Wizkid, wọ́n jọ ṣe Totori. Ṣé orin náà kò dùn ni? Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bí Olamide bá wá ṣílẹ̀kùn fún Lord of Ajasa lọ́la, ẹ̀yin tó ń pariwo yìí, kí lẹ máa sọ?

Èmi mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ní Doguè. Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kàwé. Ní kíláàsì, mo ń rí àwọn tí kò mọ Yorùbá kọ sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ orin Èkó lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ráápù ti di olùkọ́ èdè fún wọn, láìgba owó oṣù. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ọmọ ogún ọdún nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀rọ̀ àdúgbò ọdún yìí nìkan ni wọ́n á mọ̀. Òwe, àkànlò èdè àti ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ẹnu àwọn tó ti pẹ́ ni wọ́n wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó sì ń dájọ́ yìí, fóònù sí fóònù la ti ń gba orin, a kò san sẹ́fà kan ṣoṣo fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí kò dá owó ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò lé ọlọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré kan ti mú àgbà olórin wọlé, ẹ gbọ́ orin rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Bí orin náà bá dùn, ẹ rà á. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ráápù nìkan jẹ́ ilé tí kò ní àgbà.