Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Fi Ẹsẹ̀ Rìn Dé Odò Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò tilẹ̀ jìnnà. Láti Ọjà Ọba ní Òṣogbo dé etí odò Ọ̀ṣun, ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní lò tó wákàtí kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ni kì í fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀nà náà, àfi lọ́jọ́ ọdún. Èrò tèmi ni pé àṣà tí à ń rántí ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó láti dáàbò bo odò tí ń ṣàn lójoojúmọ́.

Mo gba ọ̀nà yìí ní òwúrọ̀ kan. Iwájú ààfin Àtáója ni mo ti gbéra, níbi tí ariwo ọjà kì í ti í dákẹ́. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ariwo ń dín kù, atẹ́gùn ń tutù, títí igi ńláńlá fi pàdé ara wọn lókè orí mi, tí àwọn ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka.

Nínú igbó yìí ni Ọjà Oǹtótó wà, níbi tí àwọn ará Òṣogbo ti kọ́kọ́ ná ọjà. Ìtàn sọ pé omi ni Lároóyè àti Ọlútìmẹ́hìn ọdẹ wá dé ibẹ̀. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, wọ́n kó gòkè kúrò ní bèbè odò, ọjà sì bá wọn lọ. Láti inú májẹ̀mú náà ni oyè Àtáója ti wá, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rìn láti Ọjà Ọba dé odò ń tọ ipasẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ padà ni.

Igbó náà kò ṣàìní olùtọ́jú. Èèwọ̀ ni láti pa ẹja, láti dẹ ọdẹ tàbí láti gé igi nínú rẹ̀. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí ó kú ní ọdún 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka hẹ́kítà 75 igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ igbó kò lè dá ohun tí ń bọ̀ láti òkè odò dúró. Láti Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn wá, ó sì ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn kan ti ń wa góòlù. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Omi tí àwọn tí ń wá ọmọ ń bù mu! Nígbà tí èmi náà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, n kò rí ìka ẹsẹ̀ mi.

Àwọn kan yóò ní àwọn kì í ṣe abọ̀rìṣà. Ìrìn kì í ṣe ẹbọ. Omi kò lọ́tàá, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìsìn tí ó ń ṣe. Ẹ tún wo Ìwọ́pópó tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún: Àtáója fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn olorì àti ìjòyè, a máa fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú. Bí ọba bá lè rìn, kí ni ó ń ṣe àwa?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gba ọ̀nà yìí ní ẹ̀ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́ ní Sátidé, kí ẹ sì sọ ìtàn náà fún un bí ẹ ti ń lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo àwọ̀ omi náà dáradára. Bí kò bá dára lójú yín, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ sọ fún ọba, ẹ sọ fún ìjọba. Ẹni tí kì í dé odò kò lè mọ̀ nígbà tí odò bá bàjẹ́.