Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ Ìtọ́jú Pàjáwìrì àti Ojúṣe Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àrùn tí Ó sì dá oògùn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọ̀là Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn déédéé yóò ti rí i: ọkọ̀ takìtì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, àwọn aláàánú gbé ẹni tí ó fara pa sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, orí rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n dé ilé-ìwòsàn, wọ́n bá ọ̀dọ́mọdé dókítà kan ṣoṣo tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó jáde ní yunifásítì. Kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, akọ̀wé ti ń bèèrè owó àsansílẹ̀. Bí ẹni náà bá kú, àwọn ènìyàn á ní àkókò rẹ̀ ni ó tó. Òdodo ni pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni àkókò wà, ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún àìnímọ̀ àti àìbìkítà.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n rò pé dókítà kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Dókítà ojú mọ iṣẹ́ ojú. Dókítà egungun mọ ti egungun. Iṣẹ́ dókítà pàjáwìrì ni kí ó di ẹ̀mí mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ àrùn: kí ó la ọ̀nà èémí, kí ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ó mọ èwo nínú aláìsàn mẹ́wàá ni kò lè dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ìmọ̀ yìí kì í bá ènìyàn wáyé. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Cincinnati ni ó kọ́kọ́ gba dókítà sí ẹ̀kọ́ àkànṣe yìí ní ọdún 1970. Ní 1979 ni wọ́n tẹ́wọ́ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tí ó dá dúró. Lẹ́yìn ọdún 4 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ọdún 4 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, dókítà yóò lo ọdún 3 tàbí 4 sí i lórí pàjáwìrì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1972 ni wọ́n yan àwọn àgbà dókítà àkọ́kọ́ sípò fún iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀, ọdún 5 tàbí 6 ni ti yunifásítì, ọdún 2 ni ti ìpìlẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, ọdún 6 sì ni ti ẹ̀kọ́ àkànṣe.

Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí, ilé-ìwòsàn ni dókítà sábà máa ń dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ánbúláǹsì tí wọ́n kọ́ dáadáa ni ó ń gbé aláìsàn wá bá a. Ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Bí ènìyàn bá pe nọ́ńbà 15, ilé-iṣẹ́ SAMU ni yóò dáhùn, dókítà ni yóò sì pinnu ohun tí ó kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dókítà gan-an yóò wọ ọkọ̀ lọ bá aláìsàn níbi tí ó wà. Síbẹ̀, ọdún 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pàjáwìrì di ẹ̀kọ́ àkànṣe ọlọ́dún 4 tí ó dá dúró níbẹ̀. Ní Jámánì pẹ̀lú, dókítà ń bá ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àfikún ni ìmọ̀ yìí jẹ́ fún ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀ka mìíràn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ètò ìlera kọ̀ọ̀kan ń kọ́ dókítà fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ lábẹ́ ètò NHS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, níbi tí a kì í ti í bèèrè owó kí a tó tọ́jú ẹni tí ó wà nínú ewu. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1986 ni ó de ilé-ìwòsàn pé kí ó yẹ aláìsàn pàjáwìrì wò, kí ó sì mú ara rẹ̀ dúró, yálà ó lówó tàbí kò lówó. Ìwé owó lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí irú dókítà bẹ́ẹ̀ bá padà sílé láti ilẹ̀ ọlọ́kọ̀ ánbúláǹsì, ta ni yóò gbé aláìsàn wá bá a? Ọlọ́kadà ni.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó bá ń dù láti lọ sókè òkun ní láti bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni èmi yóò mú padà? Ìmọ̀ ọwọ́ ṣeé gbé wálé, ètò kò ṣeé dì sínú àpótí. Ẹni tí wọ́n bá rán ní iṣẹ́ ẹrú a máa fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gánà ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀: ní 2009, ilé-ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn dókítà tirẹ̀ ní ìmọ̀ yìí nílé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Michigan. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 6 ní yunifásítì, ọdún 1 ti hausjọ́ọ̀bù àti ọdún 1 ti àgùnbánirọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá fẹ́ di àgbà onímọ̀ ni ó ń wo iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé tàbí ìgbẹ̀bí. Ẹnu ọ̀nà tí ikú ti ń kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ìrírí rẹ̀ kéré jù.

Kò yẹ kí Mùsùlùmí gba èyí. Rufaydah Al-Aslamiyyah ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú àgọ́ ní mọ́sálásí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìní ìmọ̀ rẹ̀ yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Ní ọdún 931, nígbà tí àṣìṣe oníṣègùn kan pa aláìsàn ní Baghdad, Kálífà Al-Muqtadir pàṣẹ pé kí Sinan ibn Thabit dán gbogbo àwọn oníṣègùn ìlú wò kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìtàn sọ pé àwọn tí ó jókòó fún ìdánwò lé ní 860. Ẹ̀sìn tí ó ní irú ìtàn báyìí kò lè ka ìmọ̀ ìwòsàn sí ọ̀ràn ayé lásán. Fardu kifáyà ni: ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo ìjọ títí àwọn tí ó tó yóò fi dìde ṣe é.

Òfin náà kò ṣàìsí. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ilé-ìwòsàn kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí yòówù kí ó jẹ́. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí aráàlú kò mọ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹni tí ó ń kọ́ ìṣègùn má fojú tín-ínrín ẹ̀ka pàjáwìrì. Kí àwọn ilé-ìwòsàn tí àwọn Mùsùlùmí ní jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò tọ́jú ẹ̀mí kí wọ́n tó bèèrè owó. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró àti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí ó fara pa, nítorí àwọn gan-an ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá. Súrà Al-Má'ídah, āyà 32, ti fi ìwọ̀n ẹ̀mí kan hàn. Kò sí òṣùwọ̀n owó tí ó lè gbé e.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò jíǹkí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí Ó sì ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Āmín.